Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Igbó Amurum àti Àwọn Kòtò Kùsà Jos

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ igbó àti ilẹ̀ kùsà pọ̀ lóṣù yìí, mo sì mú mẹ́rin nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fún láyè jù lọ. Ọ̀rọ̀ Jos kì í ṣe ohun tí mo lè fi ẹnu kan sọ kí n sì dákẹ́: ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí kí a tó kó padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní LAUTECH níbí. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní kòtò kùsà ní Bukuru kí wọ́n tó padà wálé, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ òtútù Jos fún wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ wo igbó kan tí wọ́n ń pè ní Amurum lẹ́bàá Jos nígbà ìsinmi. Ọ̀kan nínú wa ní kò sí erin níbẹ̀, kò sí kìnnìún, pé kí la fẹ́ lọ wò? Ẹlòmíràn ní kí a kúkú lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú àwọn adágún kùsà, torí omi wọn mọ́ gaara nínú fọ́tò. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn, mà.*
*Akẹ́kọ̀ọ́, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ lọ, ọmọ mi. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́.

Kí n tó dé ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilẹ̀ tí ẹ ń lọ fún yín. Orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni Jos wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ibẹ̀ ni òtútù tí bàbá yín àgbà ń sọ ti wá. Inú àpáta òkè yẹn ni tánganran, irin tí òyìnbó ń pè ní tin, wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òjò ń jẹ àpáta díẹ̀díẹ̀, àgbàrá ń gbá ohun tó bá ṣí kúrò lára rẹ̀ lọ sódò. Tánganran sì wúwo ju iyanrìn lọ dáadáa, nítorí náà bí omi bá ń gbé iyanrìn lọ, tánganran á rì, á jókòó sí ìsàlẹ̀ odò. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n ti ń fi iná yọ́ ọ, kí òyìnbó tó fojú kàn án. Lẹ́yìn ọdún 1900 ni àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, pàápàá àwọn ẹ̀yà Berom, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Nítorí tánganran yìí ni ojú irin ṣe dé Bukuru àti Jos.

Ibi tí iṣẹ́ àti owó bá wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jìnnà síbẹ̀. Ojú irin kò gba ìlú wa kọjá. Ọ̀ffà ni bàbá mi ti wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìdì aṣọ wọn, Bukuru ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, àwọn lébìrà kùsà ni wọ́n sì ń tà á fún lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbowó. Bí bàbá yín àgbà bá ra aṣọ ní Bukuru láyé ọjọ́un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ni.

Ẹ bi bàbá nípa ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, bóyá wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wọn. Nígbà tí Japan gba Malaya, ilẹ̀ kan ní Éṣíà, lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, tánganran tó ń ti ibẹ̀ wá dáwọ́ dúró, Jos ni ìjọba amúnisìn sì kọjú sí. Wọ́n fi tipátipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti àwọn ìlú Òkè Ọya wá sínú kòtò. Oúnjẹ kò tó, ibùsùn kò dára, àìsàn ń jà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì padà délé mọ́. Mi ò lè sọ ìtàn àwọn kòtò yẹn fún ọmọdé kí n fo èyí. Nígbà tó di 1985, iye owó tánganran já lulẹ̀ lójijì ní ọjà àgbáyé. Iṣẹ́ tó ti ń jó àjórẹ̀yìn láti ọdún mélòó kan kú pátápátá lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀, òjò sì kún inú rẹ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń rìn. Tánganran wà lójú odò. Igbó tó dí jù lórí òkè Jos, etí odò náà ló ń hù sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin kì í tètè tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wá wa kùsà, ojú ọ̀nà odò kan náà ló ń tẹ̀lé: á darí omi gba ibòmíràn, á gé igi, á hú gbòǹgbò, á gbẹ́ ilẹ̀ wọnú títí irin rẹ̀ á fi kan àpáta. Kí ni yóò ṣẹ́kù nínú igbó etídò? Èyí tí awakùsà kò gé, ẹni tó ń wá igi ìdáná tí yóò fi lé òtútù gé e. Àgbẹ̀ sì ro ibi tó kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rìn jìnnà lórí òkè yẹn láìrí igi kan tó ju yúkálípítọ́ọ̀sì tí wọ́n gbìn lọ, àti igi orò tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe ọgbà yí agbo ilé ká.

Amurum jẹ́ díẹ̀ lára ohun tó bọ́ nínú gbogbo èyí. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Laminga ló wà, nǹkan bí 15 kìlómítà sí Jos, lápá àríwá-ìlà-oòrùn. Ní 2001 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó náà, orúkọ rẹ̀ ni A.P. Leventis Ornithological Research Institute. Abẹ́ University of Jos ló wà. Nigerian Conservation Foundation àti University of St Andrews ní Scotland wà lára àwọn tó bá wọn gbé e ró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba oyè ìjìnlẹ̀ níbẹ̀ lórí ìtọ́jú ohun alààyè inú igbó. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì gba amọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Igbó tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nínú rẹ̀ ni; bí ẹ bá kàn ya wọ̀ ọ́, ẹ lè tẹ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Igbó náà kò tóbi. Bí ẹ bá jí wọ̀ ọ́, ẹ ti lè rí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn olùgbé tirẹ̀: ọ̀dàn, àpáta àti etídò. Ọ̀dàn ni koríko rẹ̀ ń ga bò èèyàn bí òjò bá ń parí lọ. Lórí àpáta ni ẹ ti máa rí ẹranko kan tó tó òkété ńlá, tí kò nírù, tó ń yáàrùn láàárọ̀. Ó máa ń wò yín tìyanutìyanu kó tó sá wọ ihò òkúta. Etídò ló tutù jù, ewé ibẹ̀ kì í sì í gbẹ tán. Ẹ jókòó níbẹ̀. Mo sọ pé ẹ jókòó, ẹ má kàn kọjá. Ẹni tó bá ń rìn, ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá fi dákẹ́, ẹyẹ á gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀, oníkálukú á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín tó ń bèèrè erin pé ohun kan wà ní Amurum tí kò lè rí ní ibi púpọ̀ láyé. Ẹyẹ kékeré kan wà lórí àwọn àpáta yẹn, ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tó fà sí búlúù díẹ̀. Rock firefinch ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ní ìbátan kan tí ẹ ti mọ̀ láìmọ̀ orúkọ rẹ̀: ẹyẹ pupa pínníṣín tó máa ń wọ ẹ̀yìnkùlé wa wá ṣa ọkà bàbà jẹ. Ti orí àpáta Jos yìí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àfi ní 1998. Ẹ rò ó wò! Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa gbogbo àyíká ibẹ̀ kiri, onímọ̀ nípa òkúta ti wá, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti wá, ẹyẹ yìí ń kọrin lórí wọn.

Bí wọ́n ṣe rí i ló dùn mọ́ mi jù. Ẹyẹ dúdú kan wà lórí òkè kan náà, Jos Plateau indigobird, tí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ló ń yé ẹyin sí, onítẹ̀ẹ́ sì ń bá a tọ́ ọmọ. Ọmọ náà á dàgbà pẹ̀lú orin bàbá tó gbà á tọ́ létí rẹ̀. Bó bá di akọ tó tó ní ìyàwó, orin yẹn náà ló máa ń kọ. Onímọ̀ nípa ẹyẹ kan láti Amẹ́ríkà, Robert Payne, ló tẹ́tí sí ẹyẹ dúdú yìí. Orin tó ń kọ kò bá ti ẹyẹ kankan tí wọ́n ti mọ̀ mu. Ó wá dá a lójú pé ẹni tó ni orin náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Wọ́n wá a, wọ́n sì bá a lórí àpáta. Orin ọmọ àgbàtọ́ ló júwe ilé bàbá tó tọ́ ọ.

Èyí ni ẹ ń lọ wò. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹyẹ dúdú náà nínú aṣọ ọṣọ́ rẹ̀, ẹ lọ nígbà tí òjò bá ń parí. Bó bá jẹ́ ìsinmi Kérésìmesì ni ẹ ní, koríko á ti rọlẹ̀, ẹyẹ orí àpáta á sì rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n ẹ kó súwẹ́tà dání, òtútù ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wọ aṣọ tí kò tàn. Ẹ yá awò ìwòran ọ̀nà jíjìn kan, kí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù gbé orin ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ láti fi tan ẹyẹ jáde fún fọ́tò. Akọ á rò pé ọ̀tá ló wọ ilẹ̀ òun, á pa oúnjẹ tì, á pa ìtẹ́ tì, á máa wá ẹni tí yóò bá jà tí kò sí níbẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe é, inú mi kò dùn sí i rárá. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ta àwọ̀n, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń fi òrùka tó ní nọ́ńbà sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń wọn ìyẹ́ apá rẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó fò lọ. Lọ́nà yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹyẹ kan náà ló padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ adágún. Mo fẹ́ kí ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ẹni tó bá lọ sí Amurum tí kò ya ibi kòtò kùsà, ìdajì nǹkan ló rí. Ẹ ní kí ọmọ Bukuru kan mú yín lọ, kí ẹ dúró lókè, níbi tí ilẹ̀ ti le. Kòtò kùsà yàtọ̀ sí odò. Odò ní ibi tí omi rẹ̀ kò jìn, tí èèyàn á fi ẹsẹ̀ tọ́ wò. Kòtò kùsà, ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ ṣánṣán. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lè wà lórí ilẹ̀, kí èkejì má rí ìsàlẹ̀. Etí rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó dà síbẹ̀, ó máa ń ya lulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó bá dúró lé e. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù ju tòkè lọ, ó lè dá iṣan ẹni tó mọ odò wẹ̀ dúró. Omi tó mọ́ gaara nínú fọ́tò yẹn ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, ó ti gbé àgbàlagbà lọ. Mo mọ ìdílé tó sunkún rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ odò wẹ̀ nínú yín, ẹ dì í mú.

Bí ẹ bá dúró síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí ohun rere tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi ibi náà ṣe. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi kòtò sókè, wọ́n fi ń bomi rin ànàmọ́ òyìnbó, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, lára èyí tí ọkọ̀ ń gbé wá bá wa níhìn-ín. Ẹ kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkìtì ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn oko yẹn pẹ̀lú. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló wà lókè, ilẹ̀ ọlọ́ràá tó yẹ kó wà lókè ló wà lábẹ́. Ìdí nìyẹn tí koríko ibẹ̀ fi tín-ín-rín. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ohun kan: kí wọ́n mú ìwé àti bírò, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ gbogbo ohùn tí wọ́n gbọ́ ní etídò Amurum sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe bákan náà lórí òkìtì kùsà. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.

Bí àyè bá gbà yín, ẹ ya ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí wọ́n ṣí ní 1952. Àwọn ère amọ̀ Nok tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, nínú kòtò kùsà ni wọ́n ti hú púpọ̀ nínú wọn jáde. Ọ̀kan wà nínú wọn, orí èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e fi ṣe aṣọ́ko nínú oko iṣu fún nǹkan bí ọdún kan kí Bernard Fagg, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó rí i ní nǹkan bí 1943.

Ní ti ọ̀nà: Ìlọrin, Jẹ́bà, Bídà, títí dé Abuja, ẹ sùn níbẹ̀, kí ẹ sì gba Keffi àti Akwanga lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ní Jos kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ tún pè é láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ ìlú. Bó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró, kódà bí ẹ bá ti san owó ọkọ̀.

*Ìyá Olùkọ́, ẹ káàsán mà. Ìwé kẹfà ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Olùkọ́ wa sọ pé ẹyẹ kan wà tó ń fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ mìíràn tọ́. Ṣé ẹyẹ burúkú ni?*

O káre, ọmọ dáadáa. Kì í ṣe burúkú. Bí Olúwa ṣe dá a nìyẹn, kò mọ̀ ọ́n ṣe lọ́nà mìíràn. Ọ̀kan wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú: nígbà òjò, wá ẹyẹ kékeré dúdú àti funfun, tí ẹnu rẹ̀ pupa, tí ìrù akọ rẹ̀ gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Òun náà kì í kọ́ ìtẹ́. Bí ọmọ irú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí bá la ẹnu, àmì tó wà nínú ẹnu rẹ̀ jọ ti ọmọ onílé, nítorí náà ìyá onílé á fún un lóúnjẹ bíi ti tirẹ̀. Wọn kì í ti ọmọ onílé ṣubú, wọ́n jọ ń dàgbà ni. Ẹyẹ tó ń fi afárá oyin han ọdẹ ni ọmọ tirẹ̀ máa ń pa ọmọ onílé. Bi olùkọ́ rẹ bóyá ó mọ èyí.

*Ìyá wa, ẹ kú àánú wa. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́lé ní Bukuru. Ó rí iyanrìn kan rà ní owó pọ́ọ́kú níbi tí wọ́n ti ń yan kùsà tẹ́lẹ̀. Iyanrìn náà dúdú, ó sì wúwo. Birikilà rẹ̀ ní ó dára fún rírẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ ní kó má fi wọlé. Ta ni kó gbọ́ tirẹ̀?*
*Ìyá Ìbejì, Òwódé, Ọ̀yọ́*

Kó gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí, kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì.

Tánganran nìkan kọ́ ló ń bá iyanrìn odò Jos rìn. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ mìíràn tó wúwo wà pẹ̀lú rẹ̀: columbite, zircon, monazite. Nígbà tí wọ́n bá yan tánganran àti columbite kúrò láti tà, ìyókù ni wọ́n ń dà sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Thorium wà nínú monazite, ó sì ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀ jáde. Nínú ilẹ̀ kó tó di pé wọ́n wà á, ó fọ́n káàkiri, agbára rẹ̀ kò pọ̀. Yíyan tí wọ́n yàn án ló kó o jọ sójú kan. Àwọn onímọ̀ ti wọn ìtànṣán yìí ní àyíká Bukuru àti Jos, wọ́n sì rí i pé ó ga níbi òkìtì ilé iṣẹ́ kùsà àti nínú ilé tí wọ́n fi irú iyanrìn yẹn kọ́.

Ẹni tó bá kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà kò ní kí ó bẹ̀rù. Ẹni tó bá ń sùn láàárín ògiri rẹ̀ lálaalẹ́ fún ogún ọdún, pẹ̀lú fèrèsé títì nítorí òtútù, òun ni mo ń bẹ̀rù fún, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kó ra iyanrìn odò tí wọn kò fọ kùsà nínú rẹ̀ rí, kódà bí owó rẹ̀ bá ju èyí lọ. Bó bá ti fi kọ́ yàrá kan, kó lọ bá àwọn onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì ibẹ̀, tàbí Nigerian Nuclear Regulatory Authority, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìtànṣán, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n tó dé, kó máa ṣí fèrèsé.

*Ìyá Olùkọ́, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń lọ sí Jos. Ṣé kò sí irú igbó bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọ̀yọ́ tí mo lè mú àwọn ọmọ ọmọ mi lọ? Mo sì gbọ́ pé wọ́n ti ń wa kùsà kiri ní Òkè-Ògùn wa náà.*
*Bàbá àgbà kan, Ọ̀yọ́*

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wọn.

Ó wà, sà, ó sì tóbi ju Amurum lọ lọ́nà púpọ̀. Old Oyo National Park ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó ìjọba méjì ni tẹ́lẹ̀: ti Òkè Odò Ògùn tí wọ́n dá sí ní 1936 àti ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Wọ́n sọ méjèèjì di igbó ẹranko ní 1952, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Ìgalà, ẹtu, ìmàdò àti ọ̀bọ wà níbẹ̀. Òkè odi àti àlòkù ilé àwọn baba ńlá wa ní Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìlú náà sílẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Apá Ìgbẹ́tì ni wọ́n máa ń gbà lọ síbẹ̀, ìlú tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń wa òkúta mábù.

Ọ̀rọ̀ kùsà Òkè-Ògùn ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Kòmu àti àyíká rẹ̀, wọ́n ń walẹ̀, kòtò sì ń ṣí sílẹ̀. Mo ti rí ohun tí kòtò tí kò sẹ́ni tó dí i ń dà. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé kí ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ bá ará ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì tún ilẹ̀ tó wà ṣe. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ lè bèèrè àdéhùn yẹn lójú ẹni tó wá gbalẹ̀: kí ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí yóò dí kòtò, ìgbà tí yóò dí i, àti ibi tí yóò kó ilẹ̀ òkè pa mọ́ sí kí ó lè dá a padà sókè. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn, sà, ẹ má fún un nílẹ̀.

Ní ti ìrìn àjò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ọgbà náà ní Ìsokùn, níbẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n sọ ọ̀nà tó dára àti ibi tí ààbò wà, kí wọ́n sì yan ọlọ́dẹ tí yóò bá yín rìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, torí òjò máa ń ba ọ̀nà inú igbó jẹ́, ẹranko sì máa ń wá mumi létí odò Ògùn nígbà tí ibòmíràn bá gbẹ. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí àwọn ọmọ wọ̀.